George Headley, Arẹrù-má-sọ̀ Ọmọ Jamaica

Ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan ni mo gbé wá bá yín lónìí, ọkùnrin tí kò jagun, tí kò jọba, tí kò sì kó ọrọ̀ jọ débi tí a óò máa fi ọlá rẹ̀ pòwe, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé, láti ọdún 1930 títí di ìgbà tí Ogun Àgbáyé Kejì bẹ́ sílẹ̀, nígbàkúùgbà tí ó bá mú pátákó rẹ̀ lọ́wọ́ tí ó sì ń rìn lọ sí àárín pápá, ọkàn àìmọye àwọn ènìyàn dúdú tí baba ńlá wọn ṣe ẹrú nínú oko ìrèké West Indies ni ó máa ń bá a rìn lọ síbẹ̀. George Alphonso Headley ni orúkọ rẹ̀. Eré kíríkẹ́ẹ̀tì ni iṣẹ́ rẹ̀, lílu bọ́ọ̀lù ni ẹ̀ka tí ó mú nínú eré náà, mo sì fẹ́ kí a jọ wo irú ẹrù tí iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè gbé ka ènìyàn lórí, àti bí ọkùnrin yìí ti ru tirẹ̀ fún ọdún pípẹ́ tí kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Àwọn tí wọ́n kàwé ní King's College ní Èkó, ní Igbobi College, tàbí ní Government College ní Ìbàdàn, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò ẹni tí yóò máa là wọ́n lọ́yẹ̀ nípa eré yìí, nítorí ó wà lára ohun tí wọ́n bá níbẹ̀. Àní láti ọdún 1904 ni àwọn ará Èkó ti bá àwọn ará Gold Coast, tí a ń pè ní Ghana lónìí, figagbága nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nítorí àwọn ìyá àti baba wa tí wọn kò bá a pàdé rí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní ṣókí. Ikọ̀ méjì ni ó ń ṣe é, ènìyàn mọ́kànlá-mọ́kànlá. A óò ri igi tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta mọ́lẹ̀ ní ìhín, a óò ri mẹ́ta mìíràn mọ́lẹ̀ ní ọ̀hún, yáàdì 22 ni ó wà láàárín wọn. Ajubọ́ọ̀lù yóò rìn tàbí kí ó sáré bọ̀, yóò na apá rẹ̀ gbọnrangandan, yóò sì ju bọ́ọ̀lù líle kan tí a fi awọ bò sí igi mẹ́ta tí ó wà lọ́hùn-ún. Alubọ́ọ̀lù ni ó dúró síwájú igi náà pẹ̀lú pátákó lọ́wọ́. Òun ni kò ní jẹ́ kí bọ́ọ̀lù kan igi, òun náà ni yóò sì gbá a lọ sí ibi tí kò sí ènìyàn, kí òun àti ẹnìkejì rẹ̀ tó rí àyè sáré pààrọ̀ ipò. Bí wọ́n bá pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ayò kan nìyẹn. Bí bọ́ọ̀lù bá yí gbiri dé ààlà pápá, ayò mẹ́rin ni. Bí ó bá fò kọjá ààlà láìkanlẹ̀, ayò mẹ́fà ni.

Ó rọrùn létí, ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ìṣòro rẹ̀ wà. Bí ajubọ́ọ̀lù bá jẹ́ eléré ipá, bọ́ọ̀lù náà kì í lò tó ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá kan kí ó tó dé ọ̀dọ̀ alubọ́ọ̀lù, láàárín àkókò yẹn ni ó sì gbọ́dọ̀ ti mọ ibi tí yóò balẹ̀ sí, ibi tí yóò yà sí, àti ohun tí ó yẹ kí òun fi ṣe. Bí ó bá ṣì í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí igi ṣubú, tàbí tí ẹnìkan nínú àwọn alátakò hán bọ́ọ̀lù náà kí ó tó kanlẹ̀, wọ́n ti rí i mú nìyẹn, ó ti tán fún un ní abala náà, ìyẹn àkókò tí ó kan ikọ̀ rẹ̀ láti lu bọ́ọ̀lù; yóò rìn padà lọ jókòó, ìbáà jẹ́ pé ó ré òkun kọjá kí ó tó débẹ̀, ìbáà jẹ́ pé ọdún kan gbáko ni ó fi gbára dì. Ajubọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ dànù a tún rí òmíràn jù, agbábọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tí góòlù fò lọ lójú rẹ̀ lè rí i jẹ kí ilẹ̀ tó ṣú, ṣùgbọ́n alubọ́ọ̀lù kíríkẹ́ẹ̀tì kò ní àṣìṣe méjì. Ìdí nìyẹn tí ọgọ́rùn-ún ayò nínú abala kan fi jẹ́ ohun tí wọ́n fi ń pe ènìyàn ní akọni. Èyí tí ó ga jù lọ nínú ìdíje náà ni èyí tí orílẹ̀-èdè fi ń kojú orílẹ̀-èdè, tí wọ́n ń pè ní Test, tí ó ń gba ọjọ́ púpọ̀, tí ikọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ń lu bọ́ọ̀lù ní abala méjì.

Ìlú Colón ní Panama ni wọ́n bí Headley sí, ní ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún ọdún 1909. Ọmọ Barbados ni baba rẹ̀, ọmọ Jamaica ni ìyá rẹ̀. Nígbà náà ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń la ilẹ̀ Panama já kí ọkọ̀ ojú omi lè máa ti inú òkun kan bọ́ sí èkejì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn ọkùnrin dúdú láti Barbados àti Jamaica ni wọ́n sì ré òkun wá gbẹ́ ilẹ̀ náà. Wúrà ni wọ́n fi ń san owó iṣẹ́ àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà níbẹ̀, fàdákà ni wọ́n fi ń san ti àwọn ènìyàn dúdú. Ibi tí wọ́n ti ń ra ọjà kò pa pọ̀, ibi tí wọ́n ń sùn kò pa pọ̀. Mo mẹ́nu ba èyí kí a lè mọ irú ayé tí wọ́n bí ọmọ náà sí. Láti Panama ni ìdílé náà ti kọjá sí Cuba, èdè Spanish sì ni ọmọ náà kọ́kọ́ gbọ́, títí ìyá rẹ̀ fi pinnu pé ọmọ òun kò gbọdọ̀ dàgbà láìgbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó sì mú un lọ sí Jamaica ní ọdún 1919, nígbà tí ó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, kí ó lè kàwé níbẹ̀. Ìlú Kingston ni kíríkẹ́ẹ̀tì ti wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀.

Síbẹ̀, kì í ṣe kíríkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n rán an. Àwọn òbí rẹ̀ fẹ́ kí ó lọ sí Amẹ́ríkà kí ó lọ kọ́ iṣẹ́ oníṣègùn eyín, wọ́n sì ti ń to ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò náà. Ní oṣù Kejì ọdún 1928, nígbà tí ó ń dúró de ìwé ìrìnnà tí kò tètè dé, ikọ̀ kan wọ Jamaica láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Lord Tennyson sì ni balógun wọn. Headley kò tíì pé ọmọ ọdún 19. Wọ́n mú un mọ́ ikọ̀ Jamaica. Nínú ìdíje àkọ́kọ́ ó kó ayò 71 ní abala kejì, nínú ìdíje tí ó tẹ̀ lé e ó kó 211. Ọ̀rọ̀ eyín parí síbẹ̀. Bí akọ̀wé tí ìwé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ bá yára ní oṣù kan péré, bóyá ọmọkùnrin náà ì bá ti wà ní Amẹ́ríkà kí Tennyson tó gúnlẹ̀, ìtàn tí mo ń sọ yìí kì bá sì ti wáyé. Ọ̀nà tí orí bá là sílẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè dí i.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1930, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ogún ọdún, ni ó kọ́kọ́ bá West Indies, ikọ̀ tí Jamaica, Barbados àti àwọn ilẹ̀ mìíràn ní agbègbè wọn para pọ̀ dá sílẹ̀, gbá Test, ní ìlú Bridgetown ní Barbados, England sì ni wọ́n ń kojú. Ó ní ayò 21 ní abala àkọ́kọ́. Ní abala kejì, ó ní 176, kò sì sí ọmọ West Indies kankan ṣáájú rẹ̀ tí ó kó ọgọ́rùn-ún nínú Test àkọ́kọ́ tí ó gbá. Oṣù tí ó tẹ̀ lé e, ní Georgetown, ó kó 114 ní abala àkọ́kọ́, ó tún kó 112 ní abala kejì, ìdíje yẹn gan-an sì ni West Indies fi ṣẹ́gun nínú Test fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń gbá a. Ẹ jẹ́ kí n dá ẹsẹ̀ dúró díẹ̀ lórí èyí tí wọ́n gbá kẹ́yìn ní Kingston, ní oṣù Kẹrin. Wọ́n ti fẹnu kò pé àwọn kò ní dá ọjọ́ fún un, pé títí ẹnìkan yóò fi borí ni. England kó ayò 849 ní abala àkọ́kọ́, nínú èyí tí Andy Sandham nìkan kó 325. Nígbà tí ó kan West Indies ní abala ìkẹyìn, ayò 836 ni wọ́n ń wá, iye tí ó tó láti mú kí ọkàn akọni pòrúrù. Headley wọ pápá, ó sì lu 223. Ayò dé 408, ènìyàn márùn-ún péré ni wọ́n sì ti rí mú, nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ tí kò dá mọ́. Ọkọ̀ tí yóò gbé àwọn ará England padà sílé kò lè dúró, wọ́n sì fi ìdíje náà sílẹ̀ láìparí lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án. Nínú Test mẹ́rin yẹn, ayò tí ọmọ ogún ọdún náà kó jẹ́ 703.

Ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ni í ti í ṣẹnu ṣámúṣámú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀bùn nìkan ni ó mú Headley dé ibi tí ó dé, ìrìn-àjò sí Australia tí ó tẹ̀ lé e ni ó sì jẹ́ kí a rí i. Ìparí ọdún 1930 ni ikọ̀ West Indies débẹ̀. Àwọn ará Australia kò yára bínú sí ọmọ tuntun náà, wọ́n kàn ń wò ó. Wọ́n rí i pé bí bọ́ọ̀lù bá bọ́ sí apá ọ̀tún rẹ̀, ìyẹn níwájú pátákó, kò sí ọgbọ́n tí ènìyàn lè ta sí i, nítorí náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dí ọ̀nà ọ̀hún pa, wọ́n ń ju bọ́ọ̀lù sí i lẹ́sẹ̀, ní apá ibi tí kò ti fi bẹ́ẹ̀ lágbára, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn tì síbẹ̀ láti máa hán an. Clarrie Grimmett ni olórí nínú iṣẹ́ yìí, ọkùnrin kúkúrú kan tí kì í fi ipá ju bọ́ọ̀lù rárá, ṣùgbọ́n tí ìka ọwọ́ rẹ̀ máa ń yí i tí yóò fi ya kúrò ní ibi tí ojú ti ń retí rẹ̀. Headley kùnà. Nínú Test méjì àkọ́kọ́, kò ṣe ohun tí ó tó ìròyìn.

Ẹ wo ohun tí ó ṣe. Kò fi ìbínú máa gbá bọ́ọ̀lù gbàgà-gbàgà bí ọmọdé tí a fi ṣeré, kò sì sá fún Grimmett. Ó padà sídìí ìmọ̀ rẹ̀, sí ibi ìdúró ẹsẹ̀ rẹ̀ gan-an: ó yí ara padà díẹ̀ kí àyà rẹ̀ lè túbọ̀ kọjú sí ẹni tí ń bọ̀, kí ojú méjèèjì lè jọ rí bọ́ọ̀lù, kí ẹsẹ̀ ọ̀tún lè sún sẹ́yìn láìfi àkókò ṣòfò, kí ọwọ́ sì ráyè lu bọ́ọ̀lù lọ sí apá òsì tí wọ́n rò pé kò lè dé. Láàárín ìrìn-àjò kan náà, níwájú àwọn tí wọ́n ń fẹ́ ìṣubú rẹ̀, ni ó ṣe àtúnṣe yìí. Àwọn tí wọ́n mọ bí ó ti ṣòro tó láti yí ohun tí ara ti mọ̀ padà nígbà tí ogun ń lọ lọ́wọ́ ni yóò mọ iyì rẹ̀. Ní Brisbane, nínú Test kẹta, gbogbo ayò tí West Indies kó ní abala àkọ́kọ́ jẹ́ 193. Headley nìkan ní 102 nínú rẹ̀, wọn kò sì rí i mú títí àwọn tí ó kù fi tán. Nínú Test ìkẹyìn ní Sydney, ó kó 105, West Indies sì fi ayò 30 borí Australia, èyí tí wọn kò ṣe rí. Grimmett fúnra rẹ̀ ni ó jẹ́rìí lẹ́yìn náà pé nínú gbogbo àwọn tí òun ti ju bọ́ọ̀lù sí, kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lù sí apá yẹn tó Headley. Ẹ̀rí láti ẹnu ẹni tí ó dẹ pàkúté, ẹ̀rí ńlá ni.

C. L. R. James, ọmọ Trinidad, òǹkọ̀wé tí ó mọ eré yìí dé egungun rẹ̀, tí ó sì kọ ìwé Beyond a Boundary tí ó jáde ní ọdún 1963, jókòó ti Headley, ó sì bi í léèrè bí ó ti ń ṣe é. Ohun tí ó gbọ́ ni pé ní alẹ́ tí ó ṣáájú ìdíje ńlá, oorun kì í fi bẹ́ẹ̀ kun Headley. Lórí ibùsùn ni yóò ti máa gbá ìdíje náà lọ́kàn: yóò pe àwọn ajubọ́ọ̀lù ọ̀tá lọ́kọ̀ọ̀kan síwájú ojú inú rẹ̀, yóò ro ohun tí eléyìí máa ń ṣe bí wọ́n bá lù ú lẹ́ẹ̀mejì, yóò ro ibi tí tọ̀hún yóò kó àwọn ènìyàn sí, yóò sì pinnu ohun tí òun yóò fi dá wọn lóhùn, débi pé nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, kò sí ohun tí wọ́n gbé wá tí ó ṣàjèjì sí i. Bí ó bá sì dé àárín pápá, ojú rẹ̀ a lẹ̀ mọ́ ọwọ́ ajubọ́ọ̀lù, kì í sì í kúrò lára bọ́ọ̀lù láti ìgbà tí ó bá ti fi ọwọ́ náà sílẹ̀; yóò dúró, yóò dúró títí ẹni tí ń wòran yóò fi rò pé ó ti pẹ́ jù, kí ó tó lù ú. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Mo fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n rò pé inú ara nìkan ni agbára eléré ń gbé fi ọkàn sí èyí dáadáa, nítorí Headley kì í ṣe òmìrán. Ènìyàn tí kò ga, tí kò sì sanra ni.

Ibi tí ọgbọ́n yìí ti hàn jù lọ ni orí ilẹ̀ tútù. Láyé ọjọ́un, wọn kì í bo ilẹ̀ tí bọ́ọ̀lù ń balẹ̀ sí nígbà tí òjò bá ń rọ̀. Bí oòrùn bá wá ràn sí i lẹ́yìn òjò, bọ́ọ̀lù kan yóò fò dé ọ̀fun, èyí tí ó tẹ̀ lé e yóò rá mọ́lẹ̀, òmíràn yóò ṣẹ́ kọ́rọ́, ẹni tí ó bá sì mọ̀ ọ́n lù lórí ilẹ̀ gbígbẹ lè di ọ̀gbẹ̀rì níbẹ̀. James ṣe ìṣirò ohun tí Headley ṣe lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún 1933 sí 1939: nínú abala 13, ìgbà méje ni ó kó ju ayò 50 lọ. Ó ṣe ti Don Bradman, ọmọ Australia, ẹni tí gbogbo ayé gbà pé kò ní ẹlẹ́gbẹ́: nínú abala 15, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó ju 50 lọ. Àwọn òyìnbó a máa pe Headley ní Bradman dúdú, wọ́n sì rò pé ìyìn ni. Àwọn ọmọ West Indies a máa dáhùn pé Bradman ni Headley funfun. Bradman kó ayò jù ú lọ fíìfíì, n kò jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá rí Bradman mú, ẹni mìíràn tí ó dáńtọ́ wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹni mìíràn sì wà lẹ́yìn onítọ̀hún. Ta ni ó wà lẹ́yìn Headley?

Èyí ni ó mú kí wọ́n sọ ọ́ ní Atlas, orúkọ òmìrán tí àwọn ará Gíríìkì àtijọ́ máa ń sọ pé ó fi èjìká gbé sánmọ̀ dúró. Àwa Yorùbá ní ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n fún ọdún mẹ́wàá, Headley fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọwọ́ kan náà fún West Indies. Ní ọdún 1933 tí wọ́n lọ sí England, ó kó ayò 2,320 nínú ìrìn-àjò náà, ó sì lu 169 ní Manchester láìjẹ́ pé wọ́n rí i mú. Ní ọdún 1935, ní Kingston, níwájú àwọn ènìyàn rẹ̀, ó lu 270, bákan náà wọn kò rí i mú, ìdíje yẹn ni West Indies sì fi borí England nínú ọ̀wọ́ Test fún ìgbà àkọ́kọ́. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1939, ní pápá Lord's ní London, tí ó jẹ́ ààfin eré náà, ó lu 106 ní abala àkọ́kọ́ àti 107 ní abala kejì. Kò sí ẹni tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ rí nínú Test ní pápá yẹn. Síbẹ̀, England ni ó borí. Bí ẹ bá pa ayò tí West Indies kó ní abala méjèèjì pọ̀, 502 ni, ọwọ́ ẹnìkan ṣoṣo sì ni 213 ti jáde nínú rẹ̀. Ẹ ronú nípa bí oorun alẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò ti rí.

Láàárín àwọn ìdíje ńlá wọ̀nyí, ó ní láti jẹun. Láti ọdún 1934 ni ó ti gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ Haslingden, ìlú àwọn oníṣẹ́ aṣọ híhun ní Lancashire ní àríwá England, níbi tí wọ́n ti ń san owó fún un láti máa gbá fún wọn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀nà tí Learie Constantine, ọmọ Trinidad, ti là sílẹ̀ ní ìlú Nelson tí kò jìnnà síbẹ̀ ni ó tọ̀. Ní ilẹ̀ tiwọn, kò sí ẹni tí ó lè fi kíríkẹ́ẹ̀tì bọ́ ìdílé.

Mo ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí jù. Pẹ̀lú gbogbo ohun tí mo sọ yìí, Headley kì í ṣe balógun. Ẹni funfun ni wọ́n máa ń fi jẹ balógun West Indies. Nínú Test mẹ́rin ti ọdún 1930, balógun mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n lò, ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí ó gba àlejò ń yan ọmọ tirẹ̀, kò sì sí ènìyàn dúdú kan nínú wọn. Nígbà tí wọ́n lọ sí Australia, Jackie Grant, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó kàwé ní Cambridge, tí kò tíì gbá Test kan rí, ni wọ́n fi ṣe olórí. Ní ọdún 1939, Rolph àbúrò rẹ̀ ni wọ́n fún. N kò sọ pé àwọn ọmọ Grant kì í ṣe ènìyàn rere. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí ó mọ inú àwọn ọ̀tá bí ẹni mọ owó, tí ó fi gbogbo òru gbá ìdíje kí ilẹ̀ tó mọ́, òun ni wọ́n ní kí ó máa gba àṣẹ lẹ́nu ẹni tí kò tó o ní ìmọ̀, kìkì nítorí awọ ara rẹ̀. Àìtọ́ gbáà ni, a kò sì gbọdọ̀ fi ẹnu rírọ̀ pè é ní orúkọ mìíràn. Àwọn ènìyàn Jamaica mọ̀ pé àìtọ́ ni. Ọdún 1938 ni àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ dìde nítorí owó iṣẹ́ àti ìyà tí ó ń jẹ wọ́n, àwọn kan náà ni wọ́n sì máa ń kún pápá láti wo Headley.

Bí ó pẹ́ bí ó yá, akólòlò yóò pe baba. Ní oṣù Kìíní ọdún 1948, lẹ́yìn tí ogun ti jẹ ọdún tí ó yẹ kí agbára rẹ̀ pọ̀ jù lọ run, wọ́n fi Headley ṣe balógun nínú Test tí wọ́n gbá pẹ̀lú England ní Bridgetown, ìlú tí ó ti gbá Test rẹ̀ àkọ́kọ́. Òun ni ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n yàn sípò náà fún Test. Ó ti di ẹni ọdún 38, ẹ̀yìn dùn ún nínú ìdíje náà, kò sì lè ṣe balógun mọ́ nínú àwọn tí ó tẹ̀ lé e. Ọdún 1960 ni wọ́n tó gbé oyè náà lé Frank Worrell, ènìyàn dúdú bí tirẹ̀, lọ́wọ́ fún odidi ìrìn-àjò. Lójú tèmi, ọdún 1935 ni ó yẹ kí wọ́n ti fún Headley.

Àwọn ènìyàn rẹ̀ kò gbàgbé rẹ̀. Nígbà tí England fẹ́ wá sí West Indies ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1954, Headley wà ní England níbi tí ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù jẹun, àwọn ará Jamaica, olówó àti tálákà, sì dá owó tí ó lé ní £1,000 jọ láti fi gbé e wá sílé kí ó lè tún bá wọn gbá a. Ẹni ọdún 44 ni. Ó bá wọn gbá Test ní Kingston, ó kó ayò 16 ní abala àkọ́kọ́, ó kó ẹyọ kan ní abala kejì, West Indies sì ni ó borí. Àwọn kan sọ pé kò yẹ kí wọ́n mú un padà mọ́, pé ọjọ́ rẹ̀ ti lọ. Èmi kò bá wọn sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ru ẹrù ìlú títí ọrùn fi rọ̀, bí ìlú bá fẹ́ rí i lẹ́ẹ̀kan sí i nínú aṣọ funfun rẹ̀, ìlú kò ṣẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni ìjọba Jamaica gbà á síṣẹ́ láti máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní eré náà, ó sì ṣe é tọkàntọkàn. Ron ọmọ rẹ̀ gbá Test fún West Indies ní ọdún 1973. Dean, ọmọ Ron, gbá tirẹ̀ fún England ní ọdún 1997. Kò ṣojú Headley mọ́ ní ti ọmọ-ọmọ, nítorí ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 1983 ni ó kú, ní Jamaica, ní ẹni ọdún 74. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ibùjókòó ńlá kan ní pápá Sabina Park ní Kingston.

Test 22 péré ni ó gbá ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ayò 2,190 ni ó kó nínú wọn, ìgbà mẹ́wàá ni ó sì kó ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá pín in, 60.83 ni ó kan ìgbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n rí i mú. Àwọn tí ìṣirò tiwọn ju èyí lọ lẹ́yìn àìmọye ìdíje kò ju ohun tí a lè fi ìka ọwọ́ kan kà. Ìdájọ́ tèmi ni pé nínú gbogbo àwọn tí wọ́n ti lu bọ́ọ̀lù láti ìgbà tí wọ́n ti dá eré náà sílẹ̀, kò sí ẹni tí ikọ̀ rẹ̀ gbára lé tó bí West Indies ti gbára lé George Headley, kò sì sí ẹni tí wọ́n fi oyè tí ó tọ́ sí i dù tó o.